Bí ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà kékeré bá kú lójú òfuurufú, báwo ni ó ṣe ń balẹ̀?

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí hẹlikọ́pítà Bell 206 kan tí ó ń bọ̀ láti Port Harcourt já sí àárín ilé ní Opebi, ní Ìkẹjà. Àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n pàdánù ẹ̀mí wọn. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà bá wáyé ní àdúgbò wa, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé kò ní apá bíi bàálù ńlá, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti dákẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lórí òkun sọ fún mi pé irọ́ ni, pé awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ lè gbé e balẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì rárá. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò lóye bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kí ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀? Mo bẹ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n pé kí ó ṣàlàyé fún wa.

Awakọ̀Òkè kọ ọ́ pé:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Orí R22, hẹlikọ́pítà kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R44 tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ni mo sì ń wà báyìí. Bíbalẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí olùkọ́ máa ń fi dán ènìyàn wò léraléra kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ a máa fa afẹ́fẹ́ láti òkè, a sì máa tì í sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú tí hẹlikọ́pítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, yóò sì máa gba òkè jáde, agbára rẹ̀ yóò sì máa yí abẹ̀bẹ̀ náà lọ. Autorotation ni a ń pe èyí. Irin kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fríwíìlì kẹ̀kẹ́: bí ẹ bá dá pẹ́dàlì dúró lórí kẹ̀kẹ́ tí ó ń sáré, táyà ẹ̀yìn kì í torí bẹ́ẹ̀ dúró. Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì tí ó kú kò ṣe lè fa abẹ̀bẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé hẹlikọ́pítà á fúnra rẹ̀ ṣe èyí. Ọ̀pá kan wà ní ọwọ́ òsì awakọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ collective. Bí a bá gbé e sókè, ojú abẹ̀bẹ̀ á dàgẹ̀rẹ̀ sí i, hẹlikọ́pítà á sì gòkè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ojú abẹ̀bẹ̀ á tẹ́, kò sì ní bá afẹ́fẹ́ jà púpọ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí awakọ̀ kò tètè tẹ ọ̀pá yìí wálẹ̀ pátápátá, ìyára abẹ̀bẹ̀ á máa jábọ́ kíákíá. Ewé méjì péré ni abẹ̀bẹ̀ R22 ní, wọn kò sì wúwo, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ni awakọ̀ ní. Ìró ìkìlọ̀ a máa dún nígbà tí ìyára abẹ̀bẹ̀ bá wá sí ìdá 97 nínú 100. Bí ó bá fi lè dé nǹkan bí ìdá 80, abẹ̀bẹ̀ kò ní lè gbé ọkọ̀ dúró mọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i láti ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Robinson tí ó ń ṣe é ní ìlú Torrance, ní Kalifóníà, ti kọ ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an sínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí nínú ìdánwò. Olùkọ́ á rọra yí gáàsì wálẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Imú R22 á kọ́kọ́ yà sí òsì, ohùn ẹ́ńjìnnì á relẹ̀, ìró ìkìlọ̀ á sì gba inú fóònù etí yín kan. Ọwọ́ òsì á ti máa lọ sílẹ̀ kí ẹ tó ro nǹkan kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ pẹ́dàlì kí imú lè tọ́, ojú á sì lọ sí ibi tí ọwọ́ aago ìyára abẹ̀bẹ̀ wà láti rí i pé ó padà sínú àmì àwọ̀ ewé. Ẹ óò wá mú ìyára knot 65 (máìlì orí òkun 65 ní wákàtí kan), ẹ óò sì kọjú sí pápá tí ẹ ti yàn. Ilẹ̀ á máa bọ̀ kíákíá ju bí ọkàn ṣe fẹ́ lọ, ó sì máa ń wu ọwọ́ láti fa collective sókè. Ẹ kò gbọdọ̀ fà á. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 sí ilẹ̀, ẹ óò fa ọ̀pá àárín, èyí tí a fi ń darí imú ọkọ̀, sẹ́yìn, imú á gbé sókè, ìyára iwájú á dínkù, sísọ̀kalẹ̀ náà á sì dẹ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, ẹ óò tẹ́ ọkọ̀ náà kí ó gún régé, lẹ́yìn náà ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa collective sókè láti fi agbára tí ó ṣẹ́kù nínú abẹ̀bẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára yẹn wà. Ẹni tí ó bá lò ó ṣáájú àkókò kò ní rí òmíràn lò.

ÌyáTáyéLọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, àyà mi ṣì ń já, nítorí ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí R22 yìí kan náà. Ó sọ fún mi pé kò sí ewu, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó má bàa dààmú ni mo kà á sí. Ṣé ó yẹ kí n jẹ́ kí ó máa bá a lọ? Tí ẹ́ńjìnnì náà bá sì kú, báwo ni ibi tí ó lè sáré dé ṣe jìnnà tó?

Awakọ̀Òkè kọ ọ́ pé:

Ẹ kú àmójútó, Màmá. N kò ní sọ fún yín pé kò sí ewu, nítorí kò ní jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn tí ó ń ṣe òfin ti mọ ibi tí ewu náà wà. Ní ọdún 1995, àjọ FAA, tí ó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé òfin àkànṣe kan jáde fún R22 àti R44 nìkan, tí ó sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí yóò wà wọ́n gba ẹ̀kọ́ lórí ìyára abẹ̀bẹ̀ tí ó ń jábọ́ àti lórí autorotation. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, kò sí ẹni tí ó lè gba ìwé àṣẹ awakọ̀ hẹlikọ́pítà aládàáni láìpé wákàtí 45 lójú òfuurufú, ohun tí mo ṣàlàyé lókè sì wà nínú rẹ̀.

Ní ti ibi tí ó lè dé, kò jìnnà. Ìwé R22 sọ pé láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 1,500, máìlì orí òkun kan péré ni ó lè lọ, ìyẹn bí awakọ̀ bá ṣe é dáadáa. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ bi ọmọ yín léèrè nígbà tí ẹ bá tún rí i pé: “Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nísinsìnyí, ibo lo máa balẹ̀ sí?” Bí ó bá lè dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ nípa gbogbo ibi tí ó gbà kọjá lọ́jọ́ náà, olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ dáadáa.

ÀkànníAbẹ́òkúta kọ ọ́ pé:

Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣebí ẹ́ńjìnnì ni ó kú fún igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ní Kàbbà, tí gbogbo wọn sì yè? Ẹ fi ìyẹn kún àpẹẹrẹ.

MẹkáníìkìPápákọ̀ kọ ọ́ pé:

Rárá, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kún un. Ti Kàbbà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019, AW139 ni, ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní, eruku ni ó sì fa ọ̀ràn náà. Bí hẹlikọ́pítà náà ti ń sún mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ru eruku sókè débi pé awakọ̀ kò rí ilẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ pé gbogbo wọn yè, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àìsàn yẹn, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí a ń sọ. Bí a bá da gbogbo jàǹbá pọ̀, a kò ní kọ́ ohunkóhun nínú ọ̀kankan.

Èmi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń pa á. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé irin inú rẹ̀ ni ó máa ń fọ́. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: bóyá ó tán, bóyá omi wọ inú rẹ̀, tàbí ó wà nínú táǹkì ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí a fi ń fa epo díẹ̀ sínú ife tí ó mọ́ gaara kí ọkọ̀ tó gbéra ní òwúrọ̀. Àwọ̀ búlúù ni epo Avgas 100LL máa ń ní. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí i ní ìsàlẹ̀ ife, ó dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fo èyí nítorí pé èrò ń kánjú, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí ti Glasgow, ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Hẹlikọ́pítà àwọn ọlọ́pàá, irú EC135, já lu òrùlé ilé ọtí Clutha, ènìyàn 10 sì kú, mẹ́ta nínú ọkọ̀, méje nínú ilé ọtí. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní, àwọn méjèèjì ni ó sì kú. Àwọn olùwádìí rí epo tí ó lé ní kìlógíráàmù 70 nínú táǹkì ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa àwọn páǹpù tí ó yẹ kí ó gbé epo náà lọ sí táǹkì kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Epo wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì sì kú nítorí àìrí epo. Kò sí ìgbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ yìí tí inú mi kì í bàjẹ́.

Ohun kejì ni yìnyín inú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé yìnyín kò lè sí ní ilẹ̀ olóoru. Ó lè sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin púpọ̀, irú èyí tí a ní ní Èkó, inú kábúrétọ̀ lè tutù débi pé omi inú afẹ́fẹ́ náà á dì, á sì dí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, pàápàá nígbà tí awakọ̀ bá dín gáàsì kù láti sọ̀ kalẹ̀. R22 ní ọ̀pá kan tí a fi ń darí afẹ́fẹ́ gbígbóná sí kábúrétọ̀; awakọ̀ ni yóò rántí láti fà á. R44 Raven II kò ní kábúrétọ̀, nítorí náà ó bọ́ lọ́wọ́ èyí.

ỌmọÈkìtìNíNewYork kọ ọ́ pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí mo ń gbé wá, nítorí ó fi hàn pé awakọ̀ lè ṣe gbogbo ohun tí Awakọ̀Òkè kà sílẹ̀, kí ènìyàn ṣì kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2018, hẹlikọ́pítà AS350 B2 kan, ẹlẹ́ńjìnnì kan, gbé èrò márùn-ún lọ ya fọ́tò lókè Manhattan. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn èrò lè na ẹsẹ̀ síta fún fọ́tò. Kí wọ́n má bàa já bọ́, wọ́n fi okùn kọ́ wọn lẹ́yìn mọ́ inú ọkọ̀. Ọ̀pá tí a fi ń ti epo mọ́ ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Nígbà tí wọ́n wà lókè Central Park, okùn ẹni iwájú náà kọ́ ọ̀pá yìí, ó sì ti epo pa. Ẹ́ńjìnnì kú.

Awakọ̀ tẹ collective wálẹ̀. Ó kọ́kọ́ ro ti pé kí ó balẹ̀ sí inú Central Park, ṣùgbọ́n ó rò pé ènìyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì yàn láti lọ sí East River. Ó ké sí àwọn tí ó ń darí ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbìyànjú láti tún ẹ́ńjìnnì tan, kò tan. Ìgbà tí ó na ọwọ́ sí ọ̀pá epo láti pa á gẹ́gẹ́ bí ìlànà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀, àti pé okùn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣí i padà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti sún mọ́ jù.

Wọ́n balẹ̀ sórí omi. Àwọn báàgì afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ̀ náà léfòó kò kún bó ṣe yẹ, apá kan kéré sí èkejì, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Awakọ̀ tú ìgbànú rẹ̀, ó sì jáde. Àwọn èrò márààrún, tí ìkọ́ okùn wọn wà lẹ́yìn wọn níbi tí ọwọ́ wọn kò lè tètè dé, rì sómi. Nínú oṣù yẹn kan náà ni FAA fi òfin de gbígbé èrò pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ṣíṣí bí okùn tí ó dè wọ́n kò bá ṣeé tú kíákíá. Ẹ̀dùn ọkàn ni ó jẹ́ fún mi títí di òní pé ohun tí wọ́n fi dè wọ́n kí wọ́n má bàa kú ni ó pa ẹ́ńjìnnì, òun náà ni ó sì dè wọ́n mọ́ abẹ́ omi.

Àdùkẹ́SãoPaulo kọ ọ́ pé:

Ní ìlú tiwa níbí, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2019 ni ti Ricardo Boechat, gbajúgbajà akọ̀ròyìn. Bell 206 ni òun náà wọ̀, irú èyí tí ó já ní Opebi. Níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti balẹ̀ ní pàjáwìrì sí ojú ọ̀nà ńlá ni wọ́n ti kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan. Òun àti awakọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kú. Ojú ọ̀nà tí ó fẹ̀, tí ó sì tọ́, dà bí ibi ìbalẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n kò ṣófo.

Awakọ̀Òkè kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí ẹ mú wá yìí ni ó jẹ mí lọ́kàn jù. Ọgbọ́n ọwọ́ ni autorotation, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn bá wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú ni ó máa ń sọ bóyá ọgbọ́n náà yóò wúlò. Nínú ìwé gbogbo hẹlikọ́pítà ni àwòrán kan wà tí ó fi hàn ibi tí gíga àti ìyára kò gbọdọ̀ pàdé. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan ní gíga bí igba ẹsẹ̀ bàtà, kò ní ìyára iwájú tí yóò fi gbé imú sókè, kò sì ga tó láti rí ìyára náà gbà. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá kú níbẹ̀ kò fún awakọ̀ ní àkókò, bí ó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníbàárà tí ó fẹ́ ya fọ́tò tàbí fídíò máa ń bẹ awakọ̀ pé kí ó dúró sí.

Ní ti Èkó, èrò mi ni pé kò yẹ kí hẹlikọ́pítà ẹlẹ́ńjìnnì kan máa gba orí ilé kọjá nígbà tí ọ̀sà wà nítòsí, kò sì yẹ kí ó gba orí ọ̀sà láìní báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé ó ń kún dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀nà á gùn sí i, owó epo á sì lé. Kí ó lé.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́ kọ ọ́ pé:

Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìyókù kan ni èyí tí ó kan àwa èrò. Mo ka ìtàn East River náà sí etí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn níbi ẹ̀kọ́ HUET, kí n sì kọ ọ́ síbí bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́.

MẹkáníìkìPápákọ̀ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀gbọ́n yín mọ ohun tí ó ń sọ. HUET ni ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tí ó dojú dé sínú omi, gbogbo ẹni tí ó ń lọ sórí òkun fún iṣẹ́ epo sì máa ń ṣe é. Wọ́n á dè yín mọ́ àga nínú ọkọ̀ àfiṣèdánwò, wọ́n á sì dojú rẹ̀ dé sínú omi. Kí ọkọ̀ tó kan omi ni kí ẹ ti fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tí ẹ máa bá jáde mú. Bí ó bá dojú dé, òkè àti ìsàlẹ̀ á pòrúurùu mọ́ yín lójú, ọwọ́ yẹn nìkan ni yóò mọ ọ̀nà. Ẹ dúró kí ọkọ̀ náà má mì mọ́, kí abẹ̀bẹ̀ sì dúró. Ẹ ti fèrèsé jáde nígbà tí ìgbànú ṣì dè yín, nítorí ẹni tí ó bá tètè tú u á léfòó lọ sí òdìkejì, kò sì ní lè rí ọ̀nà mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tú ìgbànú, kí ẹ sì fi ọwọ́ tí ó di etí fèrèsé mú fa ara yín jáde. Ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí ẹ wọ̀, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ títí ẹ ó fi dé ìta, kí ó má bàa gbé yín mọ́ àjà ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni, ẹ jókòó sójú kan títí abẹ̀bẹ̀ yóò fi dúró pátápátá. Bí iná bá lé yín jáde kí ó tó dúró, ẹ tẹ̀, kí ẹ gba iwájú níbi tí awakọ̀ ti lè rí yín. Bí ilẹ̀ bá dàgẹ̀rẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, nítorí abẹ̀bẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ní apá òkè. Ẹ má ṣe gba ọ̀dọ̀ ìrù rẹ̀ kọjá rárá, nítorí abẹ̀bẹ̀ kékeré tí ó wà níbẹ̀ a máa yí kíákíá débi pé ojú kì í rí i.